Ẹni tí Àpò Rẹ̀ Fúyẹ́ Jù Ni Kó Yan Ibi Tí A Ó Ti Jẹun

Tí ẹ bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn ọ̀rẹ́ ilé-ìwé yín, ẹ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ ìbí ẹnìkan pé, ẹlòmíì á dá gúrúùpù tuntun sílẹ̀, kò ní fi ọlọ́jọ́ ìbí sí i, á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, níbo la ó ti bá a jẹun ọ̀sán o?" Kó tó di wákàtí kan, àwòrán ilé oúnjẹ mẹ́ta ti balẹ̀. Òdòdó oníke bo ògiri. Iná aláwọ̀ àlùkò ń tàn. Wọ́n fi ewé há etí ife. Ẹnìkan á ní, "Ibí yìí gan-an ni o, fọ́tò á jáde níbẹ̀." Àwọn yòókù á na àtàǹpàkò sókè. Ó parí nìyẹn. A ti yan ibi tí a ó ti jẹun, ẹnì kankan ò sì tíì bèèrè ìbéèrè méjì tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè: kí ni ọlọ́jọ́ ìbí fẹ́ jẹ, àti pé èló ni?

Ìjà ni mo bá wá lónìí, àwa ni mo sì fẹ́ bá jà. Mo ní "àwa" nítorí pé èmi náà jẹ̀bi, ẹ ó sì gbọ́ bí mo ṣe jẹ̀bi láìpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Tí àwọn ọ̀rẹ́ bá fẹ́ kóra jọ jẹun ọjọ́ ìbí, tó sì jẹ́ pé oníkálukú ló máa sanwó, ẹni tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ jù láàárín wọn ló yẹ kó yan ibẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó mọ ilé oúnjẹ jù. Kì í ṣe ẹni tí fóònù rẹ̀ ń ya fọ́tò jù. Tí ìyẹn ò bá wù yín, kí ẹni tó pe èèyàn bọ́ gbogbo ẹni tó pè, kó sì san gbogbo owó rẹ̀. Yàtọ̀ sí méjèèjì yìí, ọ̀nà èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, ẹnìkan máa ti ibẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìtìjú, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ìbàdàn la wà, àwa mẹ́jọ tí a jọ jáde ní yunifásítì. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ọ̀kan nínú wa pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Èmi ni mo yan ibi tí a lọ. Ilé oúnjẹ tuntun kan ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ wá: ó kọ iye owó rẹ̀ sínú ménù gbangba, àwa la ò wò ó ká tó lọ. Mo ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan láti ilé, owó mi ń wọlé lóṣooṣù, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ olùkọ́. Tíṣà la máa ń pè é láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ náà. Ilé-ìwé aládàáni kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kẹrin, ₦45,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó oṣù rẹ̀ kéré. Àwa gan-an la máa ń bá a bú ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ nítorí owó náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a fẹ́ yan ilé oúnjẹ, ó dà bíi pé a ò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí wọ́n gbé ménù dé, Tíṣà wò ó pẹ́. Ó ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ sọ pé ebi ń pa òun, pé òun ti fi nǹkan sẹ́nu kóun tó kúrò nílé. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù àti omi inú ike. Àwa yòókù ń bèèrè ẹja yíyan, àdìẹ, páásítà oní-mílíkì, oríṣiríṣi ohun mímu aláwọ̀ mèremère. Mo tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Tíṣà, àbí ààwẹ̀ lo ń gbà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ìwé owó dé. Oúnjẹ jẹ́ ₦150,000. Wọ́n fi VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ìyẹn ₦11,250. Wọ́n tún fi owó ìtọ́jú oníbàárà ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ₦7,500. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦168,750. A ní ọlọ́jọ́ ìbí ò gbọdọ̀ sanwó, a wá pín in sí ọ̀nà méje. ₦24,107 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìrẹsì Tíṣà àti omi rẹ̀ ò ju ₦7,000 lọ. Ẹnìkan wá sọ pé, "Ká kàn pín in dọ́gba jàre, kí la fẹ́ máa ṣírò oúnjẹ bí ọmọdé sí?" Èmi lẹni náà.

Tíṣà ní òun fẹ́ lọ dáhùn ìpè níta. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọlé padà. Ó fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́, a ya fọ́tò, a túká.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé ọlọ́jọ́ ìbí lọ sílé. Nígbà tí a dé Bódìjà, ó ní kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra àmàlà, ó ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì sí i dáadáa. Ó ní láti ọ̀sán nikùn òun ti ń pariwo, oúnjẹ oní-mílíkì yẹn ò bá òun lára mu rárá. Mo ní, "Kí ló dé tóò sọ?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ti yan ibẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ?" Ẹ gbọ́ o. A ná ₦168,750 lórí ọjọ́ ìbí èèyàn kan, onítọ̀hún sì sùn ní àjẹyó àmàlà tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ ìbí ẹlòmíì tún tó. Tíṣà ní ara òun ò yá. Ẹnìkan nínú wa sọ pé, "Tíṣà ti ń ṣe àgbà fún wa o, ó ti yí padà." A tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi wọlé sórí fóònù mi láti nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Àwòrán Tíṣà ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé onígbèsè ni, pé gbájú-ẹ̀ ni, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń yáni lówó lórí áàpù ló fi í ránṣẹ́. Wọn ò fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan: wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, sí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀, sí àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́. ₦20,000 ni owó tó yá. Nígbà tó yá tó gbà láti gbé ìpè mi, ó sọ fún mi pé ọjọ́ tí a lọ jẹun lòun yá a. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi lọ "dáhùn ìpè" níta nìyẹn.

Lóòótọ́, àjọ FCCPC ti gbé ìlànà jáde láti ọdún 2022 lórí àwọn ayánilówó orí fóònù yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ìlànà wo ló fẹ́ bá a pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lójú òbí ọmọ? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ la sì fà á dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀sín, nítorí fọ́tò.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, nítorí pé èmi náà ti sọ ọ́ fún ara mi lóru.

Ẹ ó ní: "Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ṣé ẹnu ni kò ní ni?" Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a ní kó ti sọ̀rọ̀. Inú gúrúùpù tí èèyàn méje wà ni. A gbé ìdìbò síbẹ̀, ilé oúnjẹ mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì wọ́n. WhatsApp máa ń fi orúkọ ẹni tó dìbò hàn fún gbogbo ayé. Kí Tíṣà wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "mi ò lówó," lójú ẹni tó ń ra fóònù tuntun lọ́dọọdún? Ẹni tó ní owó nìkan ni ọ̀rọ̀ owó ń rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó rọrùn fún mi láti sọ pé "ibí yìí ti wọ́n jù," wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n ni mí, pé mo mọ owó tọ́jú. Tí Tíṣà bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n á káàánú rẹ̀. Ẹnìkan á sì wá sọ pé, "Má ṣèyọnu, a ó bá ẹ san án." Ìyẹn gan-an ló burú jù. Èèyàn ń sá fún àánú bí ẹni ń sá fún òjò.

Ẹ wo ọgbọ́n tí èdè wa fi sínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹni tó ń jẹun á rí ẹni tó ń kọjá, á ní, "Ẹ wá jẹun o!" Ẹni tó ń kọjá á dáhùn pé, "Á gba ibi ire o." Ẹni tó pè é ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè ti kọ̀, kò sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Bóyá ó ti yó ni o, bóyá kò fẹ́ràn ọ̀bẹ̀ ọ̀hún ni o, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn. Àdúrà ló fi dá wọn lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú gúrúùpù WhatsApp wa, kò sí "á gba ibi ire." Tóò bá wá, o ti yí padà. Tóò bá dáhùn, ò ń ṣe fọ́ọ̀mù. Tóo bá ní ara ẹ ò yá, wọ́n á bèèrè irú àìsàn tó máa ń mú ẹ lọ́jọ́ ìbí èèyàn nìkan.

Ẹ ó tún ní: "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọjọ́ ìbí." Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ta ni? Àwa mẹ́jọ la wà. Yọ ọjọ́ ìbí ti ara rẹ kúrò, ó ku méje. Tí a bá ná ₦24,107 nígbà méje, ó di ₦168,749. Fún Tíṣà, owó oṣù mẹ́rin din díẹ̀ nìyẹn. A ò tíì ka ti ibi iṣẹ́ mọ́ ọn, a ò tíì ka ti ẹgbẹ́ akọrin. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba gbogbo rẹ̀ pé pérépéré gan-an, oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan yẹn lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Àwọn àgùnbánirọ̀ ńkọ́? Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ₦33,000 ni ìjọba ń san fún wọn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦77,000. Àwọn èèyàn tí à ń fi àwòrán iná aláwọ̀ àlùkò ránṣẹ́ sí nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí n má da ọ̀rọ̀ rú, pé Yorùbá ti ń dáwó jọ fún ayẹyẹ tipẹ́, pé kí ni aṣọ ẹbí bí kì í bá ṣe owó tí wọ́n bù fún èèyàn? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni pé aṣọ ẹbí ti ba ilé àwọn kan jẹ́, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ pe iye rẹ̀. Léèsì ni èló, gèlè ni èló, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé ni báyìí. Ẹni tí kò bá lè rà á, á wọ aṣọ tó ti wà nílé, á sì wá. Bóyá wọn ò ní fún un ní báfù ìpínlọ́wọ́, bóyá wọ́n á fi í jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìrẹsì máa kàn án. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ìrẹsì tán kí wọ́n tó wá sọ fún un pé ₦24,107 ni aṣọ tí kò wọ̀.

Àjọ àti èésú ńkọ́? Iye ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àáró lóko ńkọ́? Gbogbo wọn ló mọ iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi bá ara wọn ro oko. Kò sí ìgbà kankan tí àwọn èèyàn wa dá nǹkan jọ láìkọ́kọ́ mọ ohun tó kan oníkálukú. Àwa la dá àjọ tuntun sílẹ̀, èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó sọ iye rẹ̀.

Tí a bá sì ní ká lọ sí gbòǹgbò rẹ̀, ẹni tó ń ṣe ayẹyẹ ló ń dáná nílẹ̀ wa. Ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, òkú àgbà, olóde ló ń bọ́ àlejò. Àlejò á jẹ, á yó, á fún olóde ní ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ẹni tó bá ní ₦500 á ná an, ẹni tó ní ₦50,000 á ná an, ìlù ò ní dákẹ́ fún ẹnì kankan. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìbí bí a ṣe ń ṣe é yìí kì í ṣe àṣà àtijọ́. Síbẹ̀, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, bí ayẹyẹ yòókù la ṣe ṣe é. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí fún ní kékeré, ẹ rántí kúlà ìrẹsì nínú ọgbà, ṣinṣin, pọ́fùpọ́fù, àwọn ọmọ àdúgbò tí ẹ ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn. Nígbà tí Mr Bigg's bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, tó sì wá di ibi tí ọmọ ń jẹun sí lọ́jọ́ ìbí, òbí ọlọ́jọ́ ìbí ló ń sanwó. Ìwọ tí wọ́n pè, bébà tí wọ́n fi wé ẹ̀bùn nìkan lo mú lọ́wọ́ lọ. Ta ló yí i po, tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n pè ló ń gbé owó tirẹ̀, tó ń gbé owó olóde, tó tún ń gbé owó ìtọ́jú oníbàárà lé e? Àwa ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan, èyí tí ẹ ò ní sọ síta, ṣùgbọ́n tó wà nínú yín: "Ṣé búkà lo wá fẹ́ ká máa lọ lọ́jọ́ ìbí?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló ṣe búkà?

Ẹ lọ sí Amala Skye ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ wo mọ́tò tó wà níta. Jíìpù dúró, ọ̀kadà dúró, ẹni tó wọ agbádá ń fọwọ́ nítòsí ẹni tó ń tún táyà ṣe. Báǹkì kan tó wà nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀ tí orúkọ fi mọ́ ọn lára. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank, wọ́n gbé Polaris dìde dípò rẹ̀. Báǹkì kú, àmàlà ò kú. Ẹ̀yin ará Èkó náà mọ Amala Shitta ní Sùúrùlérè. Ṣé àwọn tó ń tò síbẹ̀ lọ́sàn-án ò mọ ohun tó dára ni?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí adùn ni mo fi ń gbèjà búkà. Mo ń gbèjà rẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Ní búkà, oníkálukú ló ń kọ ìwé owó ara rẹ̀ bó ṣe ń nawọ́ sí nǹkan. O ní kí wọ́n bu àmàlà méjì, ewédú àti gbẹ̀gìrì. O nawọ́ sí ṣàkì. Ìyá alámàlà á ní iye báyìí. O ní kó yọ ọ̀kan, kó fi pọ̀nmọ́ sí i. Á yọ ọ́, kò ní bèèrè ìdí. Kóo tó fi òkèlè kan kan ọ̀bẹ̀, o ti mọ iye tóo máa san. Ẹni tó jẹ ẹran ògúnfe mẹ́rin àti ẹni tó jẹ pọ̀nmọ́ kan á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, àwo wọn á jọra, ọ̀bẹ̀ á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tóo bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, á fi ẹ̀ènì ọ̀bẹ̀ sí i fún ẹ. Ẹ sọ fún mi, ilé oúnjẹ olódòdó oníke wo ló ń fún èèyàn ní ẹ̀ènì?

Mi ò sọ pé àmàlà ni dandan. Tí ọlọ́jọ́ ìbí bá fẹ́ràn ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi ewé pọ́n ọn. Tí ẹnìkan nínú yín bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ má lọ síbi tí ata ti ń pani lójú láti ẹnu ọ̀nà. Tí ẹlòmíì ò bá jẹ ẹran màlúù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹja wà. Ẹ tètè lọ, nítorí ní búkà tó dáa, gbẹ̀gìrì lè tán kí ọwọ́ agogo tó kọjá méjì. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló yẹ ká máa fi ìdájí ọ̀sẹ̀ jiyàn lé lórí nínú gúrúùpù, dípò iná àlùkò.

Mi ò sì bá àwọn tó lówó jà. Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, tó sì jẹ́ ilé oúnjẹ olówó ńlá ló wù ẹ́, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, bọ́ wọn, san án. Sọ ọ́ nínú ìpè náà pé "èmi ni mo ń gbé e." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn lè jẹun kó dà á. Ohun tí mo lòdì sí ni kí èèyàn fi owó ẹlẹ́gbẹ́ ṣe afẹ́, kó wá pè é ní ìfẹ́.

Báwo la ṣe máa wá mọ ẹni tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ jù láìdójú tì í? Ẹ ò nílò láti mọ̀ ọ́n. Kí ẹnìkan tí gbogbo yín fọkàn tán ránṣẹ́ sí oníkálukú ní ìkọ̀kọ̀: "Èló lo lè ná láìyá owó?" Kó mú iye tó kéré jù nínú ìdáhùn wọn. Kó wá kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, "₦4,000 la ń ná, ẹ mú ibi tó bá a mu wá." Kò ní sọ ti ta ni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Tí ẹnì kankan bá fẹ́ jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó san ìyókù lápò ara rẹ̀, kó má pín in fún ẹlòmíì.

Tàbí kí ẹ dá èésú ọjọ́ ìbí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí mo ní kò yẹ ká ṣe lọ́jọ́ yẹn. Èèyàn mẹ́jọ, ₦2,500 lóṣù, fún oṣù méjìlá: ₦240,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ ìbí mẹ́jọ, ₦30,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦3,750 fún ẹnu kan. Tí ọjọ́ ìbí bá dé kí owó tó pé, ẹni tó rọ̀ṣọ̀mù jù nínú yín á kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀, á gbà á padà. Láàárín ọdún kan, ₦30,000 ni Tíṣà máa ná, kì í ṣe ₦168,749. Wọ́n á sì ṣe ọjọ́ ìbí tirẹ̀ náà, èyí tí a ti ń gbàgbé tẹ́lẹ̀ nítorí pé òun kì í yan ilé oúnjẹ.

Mo ní kí n bá a san gbèsè áàpù yẹn. Ó ní rárá, pé òun ti san án, pé kí n má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò sí nǹkan. Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó tún bá wa jókòó.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó ní oṣù kẹta ọdún 2025, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú gúrúùpù: "Bódìjà, agogo méjìlá, Sátidé. ₦3,500 tó ó jẹ àjẹyó. Ẹni tí kò bá ní, kó ṣáà wá." Gbogbo wa lọ. Ẹnìkan jẹ ẹran márùn-ún, ẹnìkan jẹ ṣàkì kan, mi ò rántí ta ló jẹ èwo. Tíṣà bèèrè ẹ̀ènì gbẹ̀gìrì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó lè mú fóònù, ọmọbìnrin tó ń kó àwo ló bá wa ya fọ́tò kan ṣoṣo. Mo dijú nínú rẹ̀. Kò jáde dáadáa rárá.

Ẹnìkan máa dá gúrúùpù tuntun sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fi àwòrán ilé oúnjẹ kankan ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi iye owó ránṣẹ́. Tí ẹnìkan bá sì ní òun ti jẹun láti ilé, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.